Ọjọ́ Tí Ọkà Jinná Nínú Rédíétọ̀ Ọ́ìlì

Ìlaròó,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Yétúndé, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Fọkàn balẹ̀ kí o tó ka ìlà kejì: kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó ṣàìsàn, ilé ò sì jó. Mo mọ̀ pé bí bàbá bá kọ lẹ́tà sí ọmọ láyé fóònù yìí, àyà ọmọ á já. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé lórí fóònù, ìwọ àti ìyá rẹ lẹ máa ń sọ̀rọ̀. Kí fóònù tó dé etí tèmi, káàdì á ti tán. Mo ní nínú lẹ́tà, kò sẹ́ni tó máa já lu ọ̀rọ̀ mi. Àṣé irọ́ ni mo ń pa fún ara mi. Ìyá rẹ ti fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti wọ awò ojú, bí mo ṣe ń kọ ọ́ ló ń kà á. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò fa àga kankan.

Ọ̀rọ̀ tí o bá a sọ lánàá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni kò jẹ́ kí n gbádùn oúnjẹ. Bó ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi nìyí: oṣù kejì rẹ rèé níbi iṣẹ́ tuntun yẹn ní Ayétòrò, níbi tí wọ́n ti ń fi ìyẹ̀fun igi tẹ pákó, ìwọ sì ni ínjínníà tó ń mójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀ ńlá wọn. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ náà á ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ láàárọ̀. Tó bá di ọ̀sán, ọ́ìlì inú rẹ̀ á gbóná, súwíìṣì tó ń ṣọ́ ooru á sì pa á. Mánéjà rẹ ní àwọn tó ni iléeṣẹ́ ń bọ̀ lọ́jọ́bọ̀, pé ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ kú lójú wọn, kí o fi wáyà so súwíìṣì yẹn pọ̀ kó má lè pa á mọ́. O sì sọ fún ìyá rẹ pé ọ̀kan nínú méjì lo máa ṣe: o máa so ó, tàbí kí o fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún wọn.

Àbẹ̀kẹ́, mi ò fẹ́ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Bí o bá wà ní ìdúró, wá ibì kan jókòó sí, nítorí ọ̀rọ̀ mi gùn.

Èkínní. O mọ̀ pé ìdí ẹ̀rọ ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí o ò gbọ́ tán rí ni bí ọ́ìlì gbígbóná ṣe fún mi níyàwó, nítorí gbogbo ìgbà tí mo bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà ni ìyá rẹ máa ń rán mi níṣẹ́. Lónìí, jíjókòó ló jókòó, kò lè rán mi níbì kankan.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán ọ létí irú ẹni tí ìyá tó bí ìyá rẹ jẹ́. Ìyá Àgbà ò ga, ṣùgbọ́n tó bá wọlé, ẹni tó ga á bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ayé sílẹ̀ tí o fi dé, ìdí rẹ̀ tá a fi sọ ọ́ ní Yétúndé nìyẹn, ojú tó fi máa ń wò mí lo sì gbé wá. O ò tíì lè rìn tí mo ti ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ rẹ kí n tó tan rédíò.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, iléeṣẹ́ gaàrí kan lẹ́yìn ìlú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó ń fi agbára ọ́ìlì fún omi ara ẹ̀gẹ́ jáde. Ọ́ìlì tó ń ṣe irú wàhálà yẹn, ara rẹ̀ ò lè ṣàì gbóná, a sì ní rédíétọ̀ kan níta, lẹ́yìn ògiri, tó ń tù ú lára. Ìwọ mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ rẹ ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ ní kí n ṣàlàyé nítorí òun náà ń kà á. Ọ́ìlì á gba inú páìpù tín-ín-rín kọjá. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tò mọ́ páìpù yẹn lára bí ìwé inú Bíbélì. Fáànù ńlá kan á wá máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín irin wọ̀nyẹn. Atẹ́gùn á gba ooru lára ọ́ìlì, á gbé e jáde lódì kejì. Abẹ̀bẹ̀ ni àwa òṣìṣẹ́ ń pè é, nítorí ohun tó ń ṣe náà nìyẹn, ó ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ fún ọ́ìlì.

Lọ́dún tí mò ń wá ìyá rẹ, òjò rọ̀ débi pé láfún ò gbẹ nílé ẹnikẹ́ni. Ó ń bu, ó ń dúdú, àwọn obìnrin ń kó o wọlé kó o jáde. Ìyá Àgbà ò sì fẹ́ràn mi rárá, ó ní mò ń rùn bí àtùpà. Mo wá rò ó pé atẹ́gùn gbígbóná tó ń jáde lẹ́yìn Abẹ̀bẹ̀ yìí, inú igbó lásán ló ń ṣòfò sí. Mo lọ sílé wọn, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ gbé láfún yín wá sẹ́yìn ẹ̀rọ wa, á gbẹ."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ṣé kò ní rùn bíi tìẹ?"

Kò rùn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti gbẹ, ó funfun, ó ń rún lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín sí mi, ẹ̀rín yẹn ló sì kó bá mi. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn obìnrin láti Ajílété ti ń ru ẹní bọ̀. Ẹ̀yìn Abẹ̀bẹ̀ kún fọ́fọ́, wọ́n ń jà sí ibi tí atẹ́gùn ti le jù, èmi náà ń rìn káàkiri láàárín wọn, mo kọ́wọ́ sẹ́yìn, mò ń pín atẹ́gùn oníléeṣẹ́ fún ará ìlú.

Mọ́tò fáànù yẹn wá bàjẹ́ lọ́jọ́ kan. Eléètíríìkì kan tún un ṣe, ó dá wáyà padà, ó sì fi wáyà méjì sí ipò ara wọn. Mo gbọ́ ìró fáànù, mo rí i pé ó ń yí, mo ní ó ti dára, mo wọlé lọ. Mi ò wo apá ibi tó ń yí sí. Òdì ló ń yí sí, Àbẹ̀kẹ́. Dípò kó máa fẹ́ síta, ó ń fà wọlé, láfún gbogbo Ajílété ló sì fà.

Inú ilé ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà níta: "Ẹ wá wo ẹ̀rọ yín o, ó ń jẹun."

Mo sáré jáde. Gbogbo èèyàn ti funfun látorí dé ẹsẹ̀, kìkì ojú ló dúdú. Láfún ti dí àárín irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn pa, ọ́ìlì ti gbóná, súwíìṣì ti pa ẹ̀rọ. Ká ní mo fi í sílẹ̀ kó tutù ni, kí n wá fi atẹ́gùn fẹ́ láfún yẹn kúrò, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó ń wò mí, mo sì fẹ́ fi hàn pé mo mọ iṣẹ́. Mo gbé garawa omi, mo dà á lé e lórí. Rédíétọ̀ gbígbóná nìyẹn, láfún rèé, omi rèé. Ìwọ náà jẹ ọkà dàgbà, o mọ ohun tó kàn.

Ó hó, ó wú, ó jinná. Ó ń yọ jáde láàárín irin, èéfín ń rú lórí rẹ̀, gbogbo àyíká ń ta sánsán bí ìgbà tí oúnjẹ alẹ́ bá délẹ̀. Ọ̀gá wa nídìí ẹ̀rọ, Bàbá Fítà, ará Kétu tó máa ń fi Faransé bú wa kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dùn wá jù, sún mọ́ ọn. Mo dúró de Faransé. Ó fi ìka bu díẹ̀, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Ta ló ro ọkà yìí? Kò ní kókó."

Kò pẹ́ tí ẹni tó ni iléeṣẹ́ dé, ó ní ta ló gbé ohun yìí débí. Ìyá Àgbà dìde: "Láfún mi ni. Mo gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ mi, ẹ̀rọ yín ló wá gbé e jẹ." Mo sì ní, "Ọ̀gá, èmi ni mo pè wọ́n wá." Ọkùnrin náà wo èmi, ó wo ìyá, ó wo ọkà, ó ní kí a lọ yọ ọ́ kúrò. Gbogbo obìnrin yẹn jókòó yí Abẹ̀bẹ̀ ká, kálukú mú ẹyọ ọwọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń yọ ọkà láàárín irin bí ẹni ń ta eyín. Ìyá rẹ ló jókòó tì mí. Títí a fi ṣe é tán, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ò rẹ́rìn-ín, pé ọkà ló ta sí òun lójú.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ rèé. Ojú àwo ni àwo fi ń gbọbẹ̀, ṣùgbọ́n Abẹ̀bẹ̀ ní ojú, ó tún ní ẹ̀yìn. O ní gbogbo àárọ̀, kí ẹ tó tan ẹ̀rọ, lo ń yẹ Abẹ̀bẹ̀ tiyín wò, pé mímọ́ ló ń mọ́. Mo gbà, ọmọ mi kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀bùn. Àárọ̀ kọ́ ló ń gbóná ṣá. Lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án, ní àsìkò tó ń gbóná gan-an. Yí i po dé ẹ̀yìn, kí o na ọwọ́ sí ibi tó yẹ kí ooru máa gbà jáde. Bí ooru ò bá bà ọ́ lọ́wọ́, nǹkan kan ló ń dí i. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rọ yín bẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí, àwa ará Yewa la sì mọ ohun tí òjò máa ń mú èèyàn gbé lọ sẹ́yìn ẹ̀rọ.

Èkejì. Má so súwíìṣì náà. Mi ò ní fi àwàdà kún èyí.

O mọ Bàbá Sùnmọ́nù, ọ̀rẹ́ mi tó ń fi ọwọ́ òsì ta ayò. Nígbà tí o kéré, o bi mí ìdí tí kì í fi lo ọwọ́ ọ̀tún, mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bí i. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n ṣe bí i. Níléeṣẹ́ mìíràn tí àwa méjèèjì jọ lọ lẹ́yìn ìgbà náà, ọ̀gá kan ní kí wọ́n so irú súwíìṣì yẹn, wọ́n sì so ó. Ọ́ìlì gbóná títí ó fi ń ṣàn bí omi, rọ́bà tó gbé e bẹ́, Sùnmọ́nù ló sì dúró síwájú rẹ̀. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dé ojú títì. Súwíìṣì yẹn ni ẹnu tí ẹ̀rọ fi ń ké pé ara òun ò dá. Ẹni tó bá so ó ti di ẹ̀rọ lẹ́nu ni, ooru ò tìtorí ẹ̀ dínkù. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ á bọ́, a ó rí òmíràn. Ọmọkùnrin tó ń dúró ti ẹ̀rọ yẹn fún yín lójoojúmọ́, òun náà ní bàbá.

Ẹ̀kẹta. Má fi ìbínú fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àtìgbà tí o ti wà ní kékeré lo ti gbóná ju ọ́ìlì lọ, ọ̀dọ̀ Ìyá Àgbà tó lorúkọ lo sì ti mú un. Ṣé o rántí olùkọ́ tó ní o ò mọ ìṣirò, tí o gbé àga rẹ kúrò ní kíláàsì rẹ̀ lọ sí kíláàsì kejì, tí a fi wá bẹ̀bẹ̀ kí àga lè padà? Mánéjà kì í ṣe olùkọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Lọ bá a, kí o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò ní lè so ó. Ẹ fún mi ní ọ̀sán kan péré, màá wá ohun tó ń mú un gbóná." Kí o wá dákẹ́. Èyí tó le jù fún ọ níbẹ̀ ni kí o dákẹ́, mo mọ̀.

Ẹ̀kẹrin, àbí ẹ̀karùn-ún, ìyá rẹ bi mí bóyá màá mu omi, ó sì fi ìyẹn da ìṣirò mi rú. Máa kí agbálẹ̀, máa kí ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Kò sí ohun tí wọ́n so kọ́ níbì kankan nínú ọgbà yẹn tí wọn ò mọ̀ sí.

Bí eléètíríìkì bá wá ń wá ọ láti fẹ́ ọ, mi ò ní kọ̀. Ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wá sílé wá fi apá ibi tí fáànù ń yí sí hàn mí.

Ibi tí mo dé rèé, mò ń wá ọ̀rọ̀ tí màá fi pa lẹ́tà yìí dé, mo yíjú, àga ìyá rẹ ti ṣófo. Mo bá a lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú fóònù létí. Ó ń sọ pé, "Bàbá rẹ ní kí o lọ wo ẹ̀yìn Abẹ̀bẹ̀ nísinsìnyí tó ń gbóná yìí, kí o má so súwíìṣì, kí o má sì bínú." Gbogbo lẹ́tà mi nìyẹn, Yétúndé. Mo fi gbogbo ọ̀sán kọ ọ́, ó fi èémí kan ṣoṣo sọ ọ́ tán, kò sì mẹ́nu ba ọkà.

Inú bí mi. Mo wọlé padà, mo ní mi ò kọ ọ́ mọ́. Mo ti ká a sábẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí o pè padà, ìyá rẹ sì ṣí ohùn fóònù síta kí n lè gbọ́. Ò ń mí hẹlẹ. O ní o dé ẹ̀yìn Abẹ̀bẹ̀, o sì bá okùn tí wọ́n ta mọ́ ara irin tó dáàbò bo fáànù, aṣọ tútù ló sì kún un láti òkè délẹ̀: táwẹ̀lì, síńgílẹ́ẹ̀tì, àti ṣòkòtò mánéjà rẹ, gbogbo wọn nà gbọọrọ, wọ́n dí ọ̀nà ooru. Obìnrin tó ń fọṣọ fún un ní òjò ò jẹ́ kí aṣọ gbẹ mọ́ ní ilé tí iléeṣẹ́ fún mánéjà, pé láàárọ̀ lòun ń fọ̀ ọ́, tó bá kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n lòun ń sá a, pé mánéjà fúnra rẹ̀ ló fi ibẹ̀ han òun. O kó aṣọ náà kúrò, ọ́ìlì bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. A gbọ́ ìró ẹ̀rọ lẹ́yìn ohùn rẹ, ó ń lọ rere. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ìborùn nu ojú.

O wá ní, "Bàbá, lọ́la ní ìpàdé àárọ̀, màá fi igi gbé ṣòkòtò yìí wọlé níwájú gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ kí n so súwíìṣì nìyẹn o."

Mo ní, "Yétúndé." Káàdì tán.

Tìyá rẹ náà ti tán, ó fẹ́ lọ ra òmíràn. Mo ní kó jókòó, pé ìdí tí Ọlọ́run fi dá lẹ́tà sí nìyí. Mo tú u jáde lábẹ́ ìrọ̀rí. Dírẹ́bà kan ń lọ sí Ayétòrò lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́, ìwé yìí á ti dé ọwọ́ rẹ. Nítorí náà, gbọ́ èyí tó kẹ́yìn.

Má fi igi gbé e. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù... ìyá rẹ ní kí n má parí òwe yẹn fún ọmọbìnrin. O mọ ìyókù. Bá a ká aṣọ náà dáadáa. Bí iná bá wà, lọ̀ ọ́. Dúró kó ku òun nìkan ní ọ́fíìsì, kí o kúnlẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, gbé e sórí tábìlì, kí o ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Aṣọ yín ti gbẹ. Ẹ̀rọ náà sì ti tutù." Má fi nǹkan kan kún un. Bó bá jẹ́ èèyàn, á lóye gbogbo rẹ̀ kí o tó dé ẹnu ọ̀nà, kò sì tún ní dárúkọ súwíìṣì fún ọ mọ́ láéláé. Ẹni tí o bá dójú tì níwájú èrò á máa wá ọjọ́ tó máa gbẹ̀san. Ẹni tí o bá bo àṣírí rẹ̀, o ti ní ẹni tó máa gbọ́ tìrẹ lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ bá le. Sùnmọ́nù ò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ rẹ rí i.

Má sì kórìíra ọkùnrin náà. Ó rí atẹ́gùn tó ń ṣòfò, ó ní kó gbẹ aṣọ òun. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ìyàwó ni mo sì fi gbà.

Ẹ̀rín tó ń gbọ̀n ọ́ nínú yẹn, pa á mọ́ra títí di Sátidé. Wọ ọkọ̀ wá sílé, a ó jọ rín in tán. Ìyá rẹ ní òun máa ro ọkà. Kò ní ní kókó.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń yangàn nítorí rẹ bó ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rí.

Yétúndé, èmi ìyá rẹ ni mò ń kọ èyí sísàlẹ̀. Bàbá rẹ ti lọ dá dírẹ́bà dúró. Ọkà kankan ò ta sí mi lójú lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rín ni mo rín. Má sọ fún un.